Òkétómi: mo ti rí àwọn lẹ́tà yín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù tó kọjá ni mo ní ká fo ọdún mílíọ̀nù 15 síwájú, ká lọ dúró sí Ojú Omi Ìjẹ̀bú, láàárín Ìwòpín sí Mákùn-Omi, nígbà tí kò ní sí èèyàn kankan níbẹ̀ mọ́ (ẹ má bi mí níbi tá a lọ), ká wá wo ohun tí òkété tó ń jí ẹkùrọ́ wa kó máa dà. Mo ní ó ti di ọdẹ inú omi, mo sì sọ ọ́ ní òkétómi. Ó wọn kílò 35, láti imú dé orí ìrù tó mítà méjì, ojú àti ihò imú rẹ̀ ti sún lọ sókè orí bíi ti ọ̀nì, awọ so ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ìrù rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Mo rò pé ẹ máa rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ ṣí ewé kejì ni. Àfi bí lẹ́tà ṣe ń wọlé, tí fóònù ń dún, kódà ẹnì kan dá mi dúró ní gáréèjì ní Ìjẹ̀bú-Òde ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ sọ eku di ọba odò. Ó dáa náà, ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àyè ò lè gba gbogbo ẹ̀ ṣá.

Ọlọ́sìn ẹja kan, Ẹ̀rìwè: "Bọ̀dá, ẹ ǹlẹ́ o. Àrọ̀ ni mo ń sìn, ọdún kẹfà rèé. Ẹ kọ ọ́ pé ìdájí ni ẹran yín máa ń ṣọdẹ, pé àrọ̀ ló sì fẹ́ràn jù. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìdájí, ṣé kì í ríran lọ́sàn-án ni? Tó bá sì wọ póńdù mi, mélòó ló máa jẹ lóòjọ́?"

Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ máa dáhùn èyí fún mi. Ṣé ẹ kì í jí ní aago márùn-ún àárọ̀ kẹ́ ẹ bá ẹja lókè omi, tí wọ́n ń la ẹnu tí wọ́n ń pa á dé? Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ràn, ewéko inú omi máa ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, àmọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bí gbogbo wa, tó bá fi máa di ìdájí, èyí tó kù nínú omi ò tó nǹkan mọ́. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nítòsí ibi tó fi ń mí tó fi lè gba afẹ́fẹ́ òkè sínú, òun ló jẹ́ kó lè wọ́ orí koríko tútù láti odò kan bọ́ sí òmíràn lásìkò òjò. Àǹfààní ńlá ni. Àmọ́ gbèsè wà lórí ẹ̀: ó gbọ́dọ̀ gòkè wá mí. Ibẹ̀ ni òkétómi ti ń dúró dè é.

Ẹ wò ó báyìí. Kùrukùru ṣì wà lójú omi, ojú oró bo etí odò, òṣíbàtà wà níwájú rẹ̀, láàárín ewé méjì ni ihò imú méjì ti yọ díẹ̀, kò tóbi ju orí ìka lọ. Kò mì rárá. Ara yòókù wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti fẹsẹ̀ ti ẹrẹ̀. Irun ẹnu rẹ̀ nà síwájú nínú omi, torí omi ibẹ̀ dúdú bí àgbo tó ti jinná, ojú ò ṣe é gbára lé níbẹ̀, àmọ́ tí ẹja bá yí ìrù lásán, omi á mì, irun á gbọ́. Ó wá ri imú bọ omi, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ róbótó kan jáde bí ìfófó ọṣẹ, afẹ́fẹ́ yẹn kan igi, kò sí nǹkan, ó fà á padà. Ó tún fẹ́ òmíràn, ó kan ara ẹja, ó fà á padà símú, òórùn ti wọlé. Ẹ má rò pé mo kàn ń pa á o. Ní 2006, Kenneth Catania ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé ẹran kékeré kan tí imú rẹ̀ rí bí ìràwọ̀ ń gbóòórùn báyìí gẹ́lẹ́ nísàlẹ̀ omi. Òkété tiwa náà, ẹ mọ imú ẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní Tanzania tó ń fi imú wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀, ọ̀kan tó ń jẹ́ Magawa gba mẹ́dàlì góòlù ní 2020 fún iṣẹ́ tó ṣe ní Cambodia. Mo wá sọ pé irú imú bẹ́ẹ̀, ṣé á wọ omi kó sọ iṣẹ́ nù ni?

Àrọ̀ gòkè, irùngbọ̀n ló kọ́kọ́ yọ, ó la ẹnu, pẹ́ẹ́, ó parí. Eyín iwájú mẹ́rin, tí wọ́n nà síta bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ètè sì pa dé lẹ́yìn eyín kí omi má baà wọ ọ̀fun, bí beaver, eku ńlá kan tó ń gbé omi nílẹ̀ òyìnbó, ṣe ń ṣe tó bá ń gé igi lábẹ́ omi.

Ti oúnjẹ, ẹ̀yin lẹ ń ra fíìdì, ẹ máa tètè yé mi. Ẹran tó ní ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tó bá wọ omi, omi máa ń fa ooru ara rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ìlọ́po 25 bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á. Otter, ẹran onírun kan tó ń ṣọdẹ nínú omi, èyí tó wà nínú òkun tútù máa ń jẹ tó ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀ lóòjọ́ torí ẹ̀. Omi tiwa lọ́ wọ́ọ́wọ́, torí náà mo bá a dín in kù sí ìdá mẹ́wàá. Kílò mẹ́ta àbọ̀ nìyẹn lójoojúmọ́, ọjọ́ Sọ́ńdè náà ńkọ́, kò sí ìsinmi. Ẹ ṣe ìṣirò póńdù yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilíṣàn-Rẹ́mọ: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ti ya tèmi, mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó ń mí nínú omi bí ẹja, ó ní oró, ó sì máa ń gbé iná jáde bí òjìjí. Ṣé òun kọ́ ló máa ṣẹ́gun tiyín?"

Àwòrán yẹn dáa gan-an, mo fi han àwọn tó wà lọ́fíìsì, ẹnì kan ní kí n bi ẹ́ ṣé o lè ya pósítà ìgbéyàwó. Àmọ́ ọmọ Rẹ́mọ ni ẹ́, ọjà ò ṣàjèjì sí ẹ. Tó o bá kó gbogbo ọjà sínú agbọ̀n báyìí, ta ló fẹ́ sanwó?

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹsẹ̀. Gbogbo ẹran elégungun-ẹ̀yìn tó ń rìn lórí ilẹ̀, láti ọ̀pọ̀lọ́ dé erin tó wà nínú Igbó Ọmọ níbẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ẹja kan tó ní lẹ́bẹ́ mẹ́rin lábẹ́ ni wọ́n ti wá. Ejò ta tiẹ̀ dànù, ẹyẹ sọ méjì di ìyẹ́, àbùùbùtán sọ méjì di àjẹ̀ ó sì jẹ́ kí méjì yòókù rá. A ò tíì rí ẹnì kan nínú wọn tó ra ẹsẹ̀ karùn-ún. Ohun tí bàbá ẹranko fi sílẹ̀ ni ọmọ ń tún lò. Tó o bá fẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́fà tipátipá, lọ bẹ̀rẹ̀ látorí kòkòrò, ìyẹn á dùn, mo máa kà á.

Mímí bí ẹja ńkọ́? Ọ́síjìn jẹ́ 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ tá à ń mí, nínú omi kò tó 1 nínú 100. Ẹja lè fi ìyẹn gbọ́ bùkátà torí ara ẹ̀ tútù, ìnáwó ẹ̀ kéré. Ẹran ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná tó fẹ́ fi ìyẹn gbé ilé ró, àfi kí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kìkì ibi tó fi ń mí. Ìdí nìyẹn tí àbùùbùtán, pẹ̀lú gbogbo ọdún mílíọ̀nù tó ti lò nínú òkun, ṣì ń gòkè wá mí bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ẹ̀ẹ̀kan náà kí n dá ẹlòmíì lóhùn, ẹni tó ní kí òkétómi máa fi àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ dání: rárá o, á léfòó bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ seal, ẹran òkun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di àjẹ̀, máa ń mí jáde kí wọ́n tó wọlẹ̀ ni, inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ni wọ́n ń kó ọ́síjìn pamọ́ sí.

Ti iná, iṣan ni òjìjí yí padà di ohun tó ń gbé iná jáde, torí náà iṣan tó o bá fi ṣe iná, o ò ní fi lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Oró nìkan ni mo lè gbà fún ẹ, torí asín omi kékeré kan wà ní Yúróòpù tí itọ́ ẹ̀ lóró tó fi ń pa ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹja. Mú ẹsẹ̀ mẹ́rin, jẹ́ kó máa mí lókè, fi oró sítọ́ ẹ̀, yọ iná kúrò, tún un yà kó o fi ránṣẹ́. Màá tẹ̀ ẹ́ jáde.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjẹ̀bú-Igbó: "Ọmọ mi, mo ka tìẹ dáadáa. O ní inú omi ló ń bímọ sí. O ṣì í. Ọmọ òkété, ìhòòhò ni wọ́n ń bí i, ojú ẹ̀ dì, báwo ló ṣe máa lúwẹ̀ẹ́? Yàtọ̀ síyẹn, ṣé ọdún mílíọ̀nù 15 tó?"

Ẹ ṣeun sà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣì í lóòótọ́, erinmi ló wà lórí mi nígbà tí mo ń kọ ọ́, ìyẹn lè bímọ sómi. Otter pàápàá, inú ihò létí omi ló ń bímọ sí, ọmọ ẹ̀ ò sì mọ̀wẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyá ló ń fà á wọnú omi, nígbà míì tipátipá. Torí náà mo ti tún un ṣe: ihò òkétómi wà létí odò lábẹ́ gbòǹgbò igi, ẹnu ọ̀nà wà nísàlẹ̀ omi, yàrá wà lókè ibi tí omi ò dé. Òkété ti mọ ihò gbẹ́ tẹ́lẹ̀, kò ní gbàgbé iṣẹ́ bàbá ẹ̀.

Ti ọdún, ó tó sà, ó tiẹ̀ tó dáadáa. Ẹran kan wà tí wọ́n ń pè ní Pakicetus, Pakistan ni wọ́n ti rí egungun ẹ̀, nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 50 sẹ́yìn ló gbé láyé, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń wọ odò. Àwọn tó tẹ̀ lé e ni Ambulocetus tí wọ́n kọ nípa ẹ̀ ní 1994, ìyẹn ti rí bí ọ̀nì onírun, ó máa lúgọ sétí omi ni. Kó tó ọdún mílíọ̀nù 10 sígbà yẹn, àwọn ọmọ wọn ti di àbùùbùtán tí kò lè rìn lórí ilẹ̀ mọ́. Èyí tó máa ń dùn mọ́ mi jù, ìdílé yẹn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1920 ni wọ́n kọ ọ́ jáde pé wọ́n rí egungun ọ̀kan ní Àmékì, nítòsí Umuahia, ó ti lé ní ọdún mílíọ̀nù 40, wọ́n wá sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi. Lugard tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn náà. Ẹran tó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ Nàìjíríà, wọ́n ṣì rí i fi orúkọ gómìnà òyìnbó kùn.

Ẹni tí kò bá sì gbà pé omi àti ilẹ̀ lè pààrọ̀ àyè, kó lọ wo òkúta ẹfun tí wọ́n ń wú fún sìmẹ́ǹtì ní Ṣàgámù. Ìsàlẹ̀ òkun ni ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 60 sẹ́yìn, ìkarahun ẹran òkun ṣì wà nínú òkúta yẹn. Lára òkun yẹn la fi ń kọ́lé lónìí.

Bàbá kan, Ẹ̀pẹ́: "Olóòtú, gbogbo ohun tó o sọ pátá, o ò sọ̀rọ̀ ọ̀nì. Èmi tí mo dàgbà sínú ọkọ̀ ojú omi, mo mọ ọ̀nì. Ọ̀nì á gbé eku yín mì."

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ orí sà. Mi ò ní purọ́ torí pé èmi ni mo bí i: tí ọ̀nì ńlá bá pàdé òkétómi lójú agbami, òkétómi ti di oúnjẹ. Kílò 35 ò tó nǹkan lọ́wọ́ ọ̀nì. (Ẹnì kan tún ní eku ò lè tóbi tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Capybara wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà tó ń lé ní kílò 50, eku ni, omi ló sì ń gbé. Ní 2008 wọ́n kọ nípa egungun orí eku àtijọ́ kan láti Uruguay, àwọn kan ní eku náà tó kílò 1000, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà dín in kù, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ eku kọ́ mọ́ nìyẹn.)

Ibi tí ọ̀nì ti gbà ju tèmi lọ gan-an, eyín kọ́, ìnáwó ni. Ara tútù ni ti ọ̀nì, oòrùn ló ń bá a gbóná láìgba kọ́bọ̀, torí náà ó lè jẹun kan kó sì wà fún oṣù mélòó kan láìjẹ òmíràn. Tèmi gbọ́dọ̀ jẹ lónìí, kó tún jẹ lọ́la. Ibi tí ẹja bá ti wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀nì á sùn, òkétómi á kú. Ẹ ò rí i pé kò lè pọ̀ lódò bí ọ̀nì ṣe lè pọ̀.

Kí ni òun wá rí gbà nínú owó tó ń san? Òtútù. Ní ìdájí Harmattan, tí afẹ́fẹ́ gbẹ tí ó tutù, ọ̀nì tó wà lẹ́bàá odò ń dúró kí oòrùn yọ, ara ẹ̀ wúwo, òkétómi ti ń sáré nínú omi láti aago mẹ́rin. Ó sì mú odò kéékèèké, ibi tí ọ̀nì ńlá ò lè yí ara padà sí, abẹ́ gbòǹgbò, inú àbàtà. Ọ̀nì ló ni ọ̀sán àti agbami, tèmi ló ni ìdájí àti kọ̀rọ̀. Wọn ò jọ ń jà, wọ́n ń gba ṣíìfù. Ẹ bá mi wò ó sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ odò, tí kò bá bọ́ sí i ẹ kọ̀wé padà.

Ọlọ́jà ẹran ìgbẹ́ kan, Ṣàgámù: "Ẹ ṣá sọ òótọ́, ṣé ó ṣe é jẹ?"

Mà, kò sí èèyàn nínú ayé yẹn. Àmọ́ torí ẹ̀yin ni: ẹran tó bá ń jẹ ẹja lójoojúmọ́ máa ń rùn ẹja, ẹ ò ní rí èrè níbẹ̀. Òkété tó jẹ ẹkùrọ́ yó lẹ fẹ́.

Ẹnì kan tí kò kọ orúkọ, Ìjẹ̀bú-Òde: "Òkété tó bá Ifá mulẹ̀ tó tún da Ifá, òun lẹ wá fi omi ta lọ́rẹ? Àti pé ṣé ẹranko náà kọ́ ni Agbo?"

Ti òkété àti Ifá, mi ò dá sí i, ìyẹn ti pẹ́ kí wọ́n tó bí mi, ọ̀rọ̀ ilé wọn ni. Ti Agbo, eré ẹbọra omi tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú, ẹ ti rí mi mú. Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú níhìn-ín ti ń gbẹ́ orí ẹran omi tí kò sí nínú odò kankan, tí wọ́n ń gbé e rù, tí ó ń jó, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé sáyẹ́ǹsì ni. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà: ẹbọra ò ní ẹni tó ń bi í léèrè ohun tó jẹ lánàá. Tèmi ní.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Ìperu (ìyá ẹ̀ ló bá a tẹ̀ ẹ́): "Ẹ káàárọ̀ sà. Nínú àwòrán yẹn, kí ló dé tí orí ìrù ẹ̀ funfun tí gbogbo ara ẹ̀ yòókù dúdú? Ṣé kíkùn ló tán?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ ọmọ dáadáa, ìbéèrè ẹ ni mo gbádùn jù nínú gbogbo wọn, torí kò sí àgbàlagbà kankan tó rí i. Kíkùn ò tán. Ní kí màmá ẹ mú ẹ lọ wo òkété lọ́jà, wo ìrù ẹ̀ dáadáa, wàá rí i pé apá kan dúdú, apá tó kù lọ sórí funfun. Mi ò fi kún un, mo kàn kọ̀ láti yọ ọ́ kúrò ni. Mo wá ń ronú pé tí kò bá yọ lẹ́yìn ọdún mílíọ̀nù 15, á jẹ́ pé iṣẹ́ kan wà tó ń bá a ṣe, torí nǹkan funfun nínú omi, ẹja lè rí i kó sá.

Ohun tí mo rò rèé. Ìyá jáde kúrò nínú ihò kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lọ fún wákàtí kan, ó padà pẹ̀lú ọmọ àrọ̀ méje nínú àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó kó wọn dà sílẹ̀ nínú yàrá, wọ́n ṣì ń ta. Àwọn ọmọ mẹ́ta jẹ ẹ́ pẹ̀lú ariwo. Lẹ́yìn náà ó yí padà sẹ́nu ọ̀nà tó wà lábẹ́ omi, ó wọnú omi. Omi dúdú, ọmọ ò rí ìyá mọ́, àfi nǹkan funfun kékeré kan tó ń lọ sókè sódò níwájú. Èkíní tẹ̀ lé e. Èkejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta dúró sẹ́nu ihò, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ róbótó kan sómi, ó fà á padà, ó gbọ́ òórùn ìyá ẹ̀, ó bẹ́ sínú omi, ó sì fi eyín mú nǹkan funfun yẹn gírígírí. Ìyá ẹ̀ yí padà ó gbá a létí.